Kí Ohùn Òṣòdì Tó Lọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló mọ igbe ẹyẹ kowéè láìfojú kan kowéè rí. Àgbà kan á ní, "Ẹ gbọ́, kowéè ń ké," gbogbo ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gba ohùn ẹranko igbó sílẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní 1889, ọmọdé kan ní Jámánì, Ludwig Koch, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí bàbá rẹ̀ rà síwájú ẹyẹ tó ń sìn, ó sì gba orin rẹ̀ sórí ìda. Òun ni ohùn ẹyẹ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbà sílẹ̀. Ní ti Áfíríkà, ará Faransé kan, Claude Chappuis, lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ohùn ẹyẹ àríwá, ìwọ̀-oòrùn àti àárín ilẹ̀ náà. Nígbà tó kó o jáde ní 2000, síídì 15 ló gbà.

Ìdájí ni àwọn tó ń gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀ ń jí. Wọ́n á gbé abọ́ fífẹ̀ kan dání tó ń kó ohùn ọ̀nà jíjìn jọ sẹ́nu máìkì. Bí ẹyẹ bá ké tán, wọ́n á sọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti aago sínú ẹ̀rọ kan náà, torí ohùn tí a kò mọ ibi tó ti wá kò lè jẹ́rìí nǹkan kan.

Ní Èkó, gáréèjì ni igbó Emeka Ogboh, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ohùn ṣiṣẹ́. Wọ́n bí i ní Enugu ní 1977. Danfó, jẹnẹrétọ̀, oníwàásù àti ọlọ́jà ló ń gbà sílẹ̀. Ní 2016, ó gbé ohùn ọjà Balógun lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Smithsonian ní Washington. Àwọn tíréè tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ lé ló to sípíkà sí. Àwo orin tó ṣe ní 2022 kò ní àkọlé ju nọ́ńbà lọ: 6°30′33.372″N 3°22′0.66″E. Ojúẹlẹ́gba ni nọ́ńbà yẹn lórí máàpù.

Òṣòdì gan-an ńkọ́? Ní January 2009, ìjọba kó àwọn tó ń tajà lójú irin kúrò. Ní January 2016, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí. Ní April 2019, wọ́n ṣí gáréèjì ńlá tuntun. Fọ́tò àtijọ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n fèrè rélùwéè kò sí nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni ariwo àwọn ọlọ́jà tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ fún rélùwéè kò sí níbẹ̀. Àdánù ńlá ni.

Bí ariwo ìlú tilẹ̀ yẹ ní gbígbà sílẹ̀, ẹyẹ ń jìyà rẹ̀. Ní 2003, àwọn olùṣèwádìí méjì, Slabbekoorn àti Peet, fi hàn pé àwọn ẹyẹ kan ní ìlú Leiden, ní Netherlands, ń kọrin pẹ̀lú ohùn tó tún tín-ín-rín sí i níbi tí ariwo bá ti pọ̀, kí ariwo títì má baà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gà tó kù lórí ọ̀pẹ ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá Òṣòdì, ń ṣe? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò nílò owó ńlá. Fóònù tó wà lápò ọmọ ilé ìwé tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó jí ní aago 5:30, kí danfó tó kún títì, kó fi gba ohùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ níparí: "Ìsọlọ̀ nìyí," pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.