Ààlà tí Ó Ń Rìn: Ìṣirò Ìyípòpadà Lórí Kọ̀ǹpútà



Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ohun tí ó ń yí ipò padà, bí omi tí ó ń di yìnyín tàbí irin yíyọ́ tí ó ń dì. Èrò mi ni pé mímọ ibi tí ó yẹ kí á tẹjú mọ́ ni olórí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ṣi ibẹ̀ mọ̀ lè rí èsì tí ó dára lójú, tí kò sì jẹ́ òótọ́.

Ní 1889, Josef Stefan, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Vienna, gbé ìṣirò jáde lórí bí yìnyín ṣe ń nípọn sí i lójú òkun ìpẹ̀kun ayé. Bí òtútù kò bá yí padà, yìnyín tí ó gba ọjọ́ 1 kí ó tó nípọn dé ìwọ̀n kan yóò gba ọjọ́ 4 kí ó tó dé ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà. Ìdí ni pé omi tí ó ń dì gbọ́dọ̀ tú ooru afarapamọ́ sílẹ̀, ooru náà sì gbọ́dọ̀ la inú yìnyín tí ó ti wà nílẹ̀ kọjá. Ooru yìí kò kéré: èyí tí kílò omi 1 ń tú sílẹ̀ bí ó bá ń dì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí yóò mú kílò omi 1 gbóná láti 0 dé 80 dígírì.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ààlà omi àti yìnyín kì í dúró sójú kan. Ibi tí ó ń lọ gan-an ni a ń wá. Ó dà bí oko tí ààlà rẹ̀ ń rìn bí olóko ṣe ń wọn ilẹ̀ lọ́wọ́.

Kí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́, a ó da àwọ̀n bo ibi tí a ń wò, ojú kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Ọ̀já tín-ín-rín ni a máa ń fi dúró fún ààlà. Apẹja tí ó fi àwọ̀n olójú ńlá pẹja wẹ́wẹ́ yóò wálé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gbogbo ojú di kékeré ńkọ́? Bí ojú 1,000 bá wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan àpótí, àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 1,000,000,000. Bí a bá tún gé ìwọ̀n ojú sí méjì, iye wọn á di ìlọ́po 8. Nínú ọ̀nà ìṣirò tí ó rọrùn jù, ìṣísẹ̀ àkókò náà á di ìlọ́po 4. Iṣẹ́ di ìlọ́po 32 nìyẹn.

Ní 1984, Marsha Berger àti Joseph Oliger ṣàlàyé ọ̀nà àbáyọ fún irú ìṣirò mìíràn, èyí tí ó jẹ mọ́ ìgbì: kí ojú àwọ̀n kéré níbi tí àṣìṣe bá ti pọ̀ nìkan, kí ó sì máa bá a rìn. Mo pè é ní àwọ̀n abọ́rànmu. Ní 1998, Nikolas Provatas, Nigel Goldenfeld àti Jonathan Dantzig lò ó fún ohun dídì tí ń yọ ẹ̀ka bí igi. Gígùn ààlà ni iṣẹ́ wá ń tẹ̀ lé, kì í ṣe fífẹ̀ gbogbo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Bí ojú àwọ̀n bá tóbi ju ọ̀já ààlà lọ, ààlà lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó má rìn mọ́. Ẹ̀ka tí ń yọ lè tẹ̀ lé okùn àwọ̀n dípò ìṣẹ̀dá irin. Níbi tí ojú ńlá ti pàdé ojú kékeré pẹ̀lú, ooru tí ó jáde níhìn-ín gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wọlé lọ́hùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ti dá ooru tí kò sí.

Nítorí náà, kí a tó gba èsì kan gbọ́, ẹ jẹ́ kí a tún gé ojú àwọ̀n kéré sí i, kí a yí àwọ̀n náà sí ìhà mìíràn, kí a sì fi ìṣirò Stefan dán an wò. Èsì tí ó bá yí padà nítorí pé a yí àwọ̀n padà, ọ̀rọ̀ àwọ̀n ni ó ń sọ. Kò tíì sọ ti yìnyín.