Irora Tó Ń Bá Ẹsẹ̀ Rìn, Tó Ń Bá Ẹsẹ̀ Dúró

Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dáadáa mọ́ lára ènìyàn. Bí mo bá ní kí n kárí ara, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ibẹ̀ jìnnà sí ọkàn, ibẹ̀ sì ni àmì sábà máa ń yọjú sí tí a ó sì fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọdún 1628 ni William Harvey, dókítà ará Ìlú Ọba, tẹ ìwé tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń yípo. Kó tó dé, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù gbà pé inú oúnjẹ ni ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, tí ara sì ń lò ó tán. Ìṣirò ni Harvey fi mú wọn. Ó wo iye tí ọkàn ń tì jáde bó ṣe ń sọ, ó ṣírò ti ìdajì wákàtí, ó bá a pé ó ju gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára lọ. Bí kò bá padà wá, ibo ló gbà? Nǹkan bíi lítà 5 péré náà ló ń lọ tó ń bọ̀ lára àgbàlagbà.

Ẹ wo páìpù irin ayé àtijọ́ tí ìpẹtà ti lẹ̀ mọ́ nínú. Omi ṣì ń jáde níbẹ̀, àfi ìgbà tí ilé mẹ́ta bá ṣí ẹ̀rọ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ ṣe ń dà bí ọ̀rá bá ti ń gbára jọ sí i nínú fún ọdún pípẹ́. Tí ènìyàn bá jókòó, díẹ̀ tó ń kọjá tó ẹsẹ̀ í lò. Tó bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á béèrè ìlọ́po ìlọ́po rẹ̀, kò sì ní rí i. Á fún pọ̀, á wúwo, á máa ro ó. Onítọ̀hún á dúró. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ irora á lọ, láìjókòó, láìlo oògùn. Á tún gbéra. Tó bá tún rìn tó ti àkọ́kọ́, irora á tún dé.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé èyí. Làkúrègbé kì í ṣe báyẹn. Ti oríkèé a máa dun ni bí a bá ń dìde láàárọ̀, a máa dun ni lórí ìdúró, lónìí kó pọ̀, lọ́la kó dín. Èyí tó ti egungun ẹ̀yìn wá, ìdúró nìkan kì í pa á. Àfi kí ènìyàn jókòó tàbí kó tẹ̀ síwájú. Ti ẹ̀jẹ̀ mọ ibi tí yóò ti pàdé ẹni. Nílẹ̀ wa, ìkíni ló máa ń bá a bo ara rẹ̀. Bàbá dé iwájú ìsọ̀ aláṣọ, ó dúró: "Ajé á wọ igbá o!" Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ayò, ó tún dúró: "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o!" Gbogbo àdúgbò ní bàbá lọ́yàyà. Ẹsẹ̀ ló ń sinmi.

Bó bá le ju bẹ́ẹ̀, irora kò ní dúró de ìrìn mọ́. Òru ni yóò máa wá, ní iwájú ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka, títí onítọ̀hún á fi máa sọ ẹsẹ̀ kọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kó tó rí oorun sùn. Irun ojúgun á re, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa dán. Egbò kékeré á di àdáàjinná. Ẹni tó ń sun orí àga nítorí ẹsẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn án.

Wàyí o, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹnìkan bá dúdú láti ṣóńṣó, ohun tí à ń gbọ́ jù ni pé "Ó tẹ nǹkan." Wọ́n ní wọ́n gbé e sójú ọ̀nà dè é. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a fi ń wá ẹni tó gbé e ni ẹsẹ̀ fi ń kú lọ. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Àtọ̀gbẹ a máa dí iṣan ẹ̀jẹ̀, a sì tún máa pa iṣan ìmọ̀lára, débi pé ènìyàn lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kó má mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máà ní irora ìrìn tí mo ń wí rárá. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi gbígbóná pé kí ẹ̀jẹ̀ lè rìn. Kò ní mọ̀ pé ó ń jó òun. Awọ á bó, egbò tuntun á wá kún ti àná.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó kú tipiri ni ti ẹ̀jẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Ìbàdàn ṣèwádìí lágbègbè Ẹ̀pẹ́ nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tí wọn kò lè rìn gúnrégé mọ́. Pákí tí oró sáyánáìdì ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló nàka sí.

Ìwé ìṣègùn tí wọ́n wo awọ òyìnbó kọ ní kí a wo bí awọ ṣe ń funfun. Lára wa, ta ni yóò rí i lójúgun? Àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni kí ẹ wò. Kí ẹni náà dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó bá funfun ju èkejì lọ ló lẹ́jọ́ í rò. Ẹsẹ̀ méjì tó tutù nígbà ọyẹ́ kì í ṣe àrùn; ọ̀kan tó tutù tí èkejì lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fura sí. Nílé ìwòsàn, wọ́n á wọn agbára ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n á fi ti apá pín in. Bí èsì bá jẹ́ 0.9 tàbí kó dín, ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ tó. Bó bá ju 1.4 lọ, ẹ má yọ̀ o: iṣan ti le débi pé kò ṣeé fún pọ̀ mọ́, èyí sì wọ́pọ̀ lára alátọ̀gbẹ.

Sìgá ni kí amusìgá kọ́kọ́ jù nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí kò ní egbò, tí irora rẹ̀ kò tíì di ti òru, rírìn gan-an ni oògùn rẹ̀: kó rìn títí irora á fi dé, kó dúró, kó tún rìn, fún ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ń jókòó sílé nítorí pé ẹsẹ̀ ń ro wọ́n; òdìkejì ohun tó yẹ ni.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣàdédé wú, tó gbóná, ti ẹ̀jẹ̀ dídì ló lè jẹ́, ó sì lè gba ibẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí tó ṣàdédé tutù, tí irora ńlá bá a, tí kò ṣeé gbé mọ́, ìyẹn tún yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bíi wákàtí 6 ni oníṣẹ́ abẹ ní kí ẹran inú rẹ̀ tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ má fi róbù ra á, ẹ má fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tó ń gba oògùn àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, bí dókítà bá ń kọ̀wé oògùn láìwo ẹsẹ̀ yín, ẹ rọra bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú rẹ̀. Ó lè kanjú, ojú sì lè tì yín. Ẹ má wọ bàtà padà títí tó fi máa wò ó. Mo ti ń rí ọwọ́ lókè lẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè.