Kí A Tó Dá Kọ̀ǹpútà Lẹ́bi

Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń fi Linux sí i. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìlú Òkè-Àgbè ní Àkókó ni mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Àfá, Ògè, Ìdò àti Àjè ni ó para pọ̀ di ìlú náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà èdè tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ èdè kà mọ́ ọ̀wọ́ Àrìgìdì. Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ibẹ̀ ń sọ báyìí. Àwọn kan nínú àwọn tí mo gba ohùn wọn sílẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè. Inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni ohùn wọn wà, èmi kò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀bi tèmi ni èyí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò ṣí. Windows inú rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀, a dúró, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé e tọ atúnṣe kan lọ. Kò yẹ ohunkóhun wò tí ó fi ní kí a nu inú rẹ̀ nù pátápátá, kí a fi Windows mìíràn sí i. Bí mo bá gbà, ohùn àwọn tí ó ti lọ ì bá bá a lọ. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo padà sílé.

Ohun tí Linux jẹ́

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó kéde Linux ní ọdún 1991. Òun ni ìpìlẹ̀ ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà; ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó sì tún un ṣe. Oríṣi rẹ̀ tí a lò ni Ubuntu, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004. Àǹfààní rẹ̀ tí ó kàn wá jù ni pé a lè kọ ọ́ sórí fúláàṣì, kí a ti ara fúláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, láì fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí ìwádìí náà ti lọ

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó bá mi wá Ubuntu. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ já sí asán: fúláàṣì náà bẹ̀rẹ̀, ó sì kú sójú ọ̀nà. Ìgbà náà ni a tó rántí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí a ń gba fáìlì náà, èyí tí ó ju gígábáìtì márùn-ún lọ. Àwọn tí ó gbé e jáde máa ń kọ àmì ìdánimọ̀ kan tì í, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Àṣẹ tí ń jẹ́ sha256sum ni a fi ń ṣírò àmì ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ẹni. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ì báà ṣe ní ẹyọ lẹ́tà kan, ẹ̀dà náà kò pé. A wé tiwa. Wọn kò bára mu. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́rùn Linux. Èmi tí mo ti ń fi ẹ̀dà ìwé wé ẹ̀dà ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ronú kàn án.

A gba òmíràn. A tẹ F12 bí ẹ̀rọ ti ń tan. Lára kọ̀ǹpútà mìíràn, F2, F9 tàbí Esc ni. Ubuntu béèrè bóyá a fẹ́ fi òun sínú ẹ̀rọ tàbí a kàn fẹ́ dán òun wò. A ní a fẹ́ dán an wò. Àwọn fáìlì ohùn náà hàn. Mo gbọ́ ìyá àgbà kan láti Àfá, ẹni tí a ti sin, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kò tún nǹkan kan ṣe ní ọjọ́ náà. A ṣe ẹ̀dà ohùn wọn sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì pa ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ kejì ni a tó béèrè ohun tí ó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà kì í sábà dákẹ́. Àwa ni a kì í ka ohun tí ó ń wí. Àṣẹ dmesg ni ó ń fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ hàn wá. Gbólóhùn kan náà ń wáyé níbẹ̀ léraléra: dísìkì tí ẹrù wà nínú rẹ̀ kò lè ka apá kan ara rẹ̀ mọ́. Windows kò jẹ̀bi. Bí a bá tilẹ̀ fi òmíràn sí i, aṣọ tuntun ni a ì bá wọ̀ fún aláìsàn.

A ra dísìkì tuntun, a fi Ubuntu sí i. Wíìfì kò ṣiṣẹ́. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan nílò ògbufọ̀ láàárín òun àti ètò tí ń darí ẹ̀rọ. Driver ni wọ́n ń pè é. Àṣẹ lspci sọ orúkọ káàdì wíìfì náà fún wa. A fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, a ti ibẹ̀ gba íntánẹ́ẹ̀tì, a sì wá ògbufọ̀ rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ a ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, a sì tún kọ̀. Àwọn kan ti ń wí pé Linux ni kò bá a lára mu. Mo mú ìwé, mo ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó bá kọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rọ̀ yé wa: kì í kọ̀ àfi bí iná bá lọ mọ́jú. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni orúkọ rẹ̀, fólítì 3 ni agbára rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbàgbé aago àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí iná kò bá sí. Tiwa ti kú. A pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ìkádìí

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì kún ojú òṣùwọ̀n fún Windows 11. Ọ̀pọ̀ ni a ó jù nù, ọ̀pọ̀ ni a ó nu inú rẹ̀ kí a lè fi Linux sí i. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ ka ohun tí ẹ̀rọ náà ń wí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ṣe iṣẹ́.

Dísìkì wà lọ́jà. Bátìrì wà lọ́jà. Ohùn ìyá àgbà yẹn kò sí lọ́jà kankan.