Kíkà Ni Wọ́n Kà Á Di Mímọ́

N kò ní í fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ jẹ yín ní àkókò. Kánónì ni àwọn ìwé tí ìjọ kan gbà pé àṣẹ Ọlọ́run wà lára wọn, tí wọn kì í fi kún mọ́, tí wọn kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Ìyẹn tó. Ti Májẹ̀mú Tuntun ni mo fẹ́ sọ.

Ìjà kan wà tí mo ti ń jà láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Àwọn kan a máa ní ìpàdé Nicaea, ní 325, ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti dìbò yan ìwé Májẹ̀mú Tuntun, àti pé Constantine, olú-ọba Róòmù, ló pàṣẹ èyí tí wọn yóò mú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Arius, àlùfáà tí wọ́n ń bá jiyàn nípa ipò Kristi, àti ọjọ́ ọdún Àjíǹde ló gbé wọn débẹ̀. Òfin 20 ni wọ́n ṣe. Kò sí ọ̀kan tó to orúkọ ìwé Bíbélì. Ìwé Gíríìkì kan tí wọ́n kọ ní ohun tó lé ní 500 ọdún lẹ́yìn ìpàdé náà ló gbé ìtàn wá pé wọ́n kó ìwé tòótọ́ àti ayédèrú jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n gbàdúrà, ti òótọ́ bọ́ sókè, ti irọ́ wà nísàlẹ̀. Voltaire, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, mú un, ó fi ṣe ìjọ ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Inú fíìmù lẹ ti gbọ́ ọ, ẹ kò sì ṣí ìwé wò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ sínú ìdánwò lọ́jọ́sí. Mo fún un ní òdo, baba rẹ̀ sì gbé iṣu wá bẹ̀ mí nílé. Mo jẹ iṣu náà. Òdo kò kúrò.

Serapion ló lè kọ́ wa bí kánónì ṣe wáyé gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, ẹ fara dà á. Ní nǹkan bí ọdún 200, òun ni bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù. Ó lọ bẹ ìjọ Rhossus wò létíkun, ó bá wọn nínú aáwọ̀ nítorí ìwé kan tí àwọn kan ń kà, Ìhìnrere Pétérù. Bíṣọ́ọ̀bù kò ṣí ìwé náà. Ó ní bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń dá ìjà sílẹ̀, kí wọ́n máa kà á. Ẹ ò rí nǹkan? Orúkọ Pétérù kúkú ni wọ́n dá! Ó padà délé tán ni àròyé tún tẹ̀ lé e. Ó wá gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, ó kà á, ó rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ bá ẹ̀kọ́ Olùgbàlà mu, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi nǹkan lé e. Ó kọ̀wé sí wọn, ó ka àwọn àfikún náà lẹ́sẹẹsẹ, ó ní kí wọ́n máa retí òun láìpẹ́. Eusebius, òpìtàn ìjọ, ló bá wa tọ́jú díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Láàárín 1886 sí 1887, wọ́n hú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé ó jẹ́ ajákù ìwé náà nínú ibojì kan ní Akhmim, ní Íjíbítì. Ọmọdé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, lábẹ́ àtùpà. Àgbélébùú ń tẹ̀ lé Jésù jáde nínú ibojì, ó sì ń dá ohùn ọ̀run lóhùn. N kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ kíyè sí i: ìwé ti wà lẹ́nu ìjọ kí bíṣọ́ọ̀bù tó dé. Kò pe ìpàdé kankan. Ohun tó bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé àwọn tó ṣáájú wa fi èyí lé wa lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìlú dé ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó to orúkọ àwọn ìwé náà.

Alága ti ń wo aago, n ó sáré. Ní 367 ni Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, to ìwé 27 tí a mọ̀ lónìí sínú lẹ́tà ọdún Àjíǹde rẹ̀. Síbẹ̀ ẹnu kò kò. Májẹ̀mú Tuntun àwọn ará Síríà jẹ́ 22, kò sí Ìfihàn níbẹ̀. Ìjọ àtayébáyé ti Etiópíà ń ka 81 fún Bíbélì lódindi.

Tiwa náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ Bíbélì ti Lọ́ńdọ̀nù ti pinnu ní 1826 pé owó àwọn kò ní tẹ Àpókírífà, àwọn ìwé bíi Tóbítì àti Júdíìtì. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀ parí ní 1884, ìwé 66 ló wà nínú rẹ̀. Kátólíìkì ń ka 73. Lóòótọ́ ìjọ Áńgílíkà kò ka Tóbítì àti Júdíìtì mọ́ kánónì, ṣùgbọ́n ó ń kà wọ́n fún ẹ̀kọ́. Bí ìyá mi ṣe kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tó, kò gbọ́ orúkọ Júdíìtì rí, ọ̀rọ̀ owó ìtẹ̀wé sì wà lára ohun tó fà á.

Ti Àlùkùránì, bí Khalifa Uthman ṣe mú kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹ̀dà tí gbogbo ènìyàn yóò máa lò, wà lára ohun tí ìwé ìpè yín ní kí n sọ. Àkókò ti jẹ ẹ́. Ẹ máa bi mí ní ìbéèrè, kí ẹni tó bá fẹ́ gbèjà Nicaea kọ́kọ́ bọ́ síwájú.