Kì Í Ṣe Gbogbo Òwò Là Ń Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò)

   A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá láti Ìkẹ́nnẹ́ àti Òde-Rẹ́mọ, bí owó ọkọ̀ ṣe wọ́n tó yìí.

A mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan sí wa. Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wá pé ká kó owó àjọ tí a máa pín lóṣù Kejìlá fún ọkùnrin kan kó fi ṣòwò. Ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun á dá gbogbo rẹ̀ padà, òun á sì fi ìdajì lé e. Àwa ìgbìmọ̀ ní rárá. Àwọn kan ní ẹ̀rù ló ń bà wá, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á kò ní bá ọjà mọ́. Ìdí tí a fi kọ̀ la fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan tí a ò ní dárúkọ ní ká máa kó gààrí wá fún òun. Inú wa dùn, a ní Ọlọ́run ti ṣe é. Àwa mẹ́rin da owó pọ̀, a ra àpò 60 ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦1,200,000 nìyẹn. A jẹ èrè ₦1,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní lóṣù kan làwọn á sanwó. Oṣù márùn-ún ni wọ́n tó san án. Nígbà tí a gba ₦1,260,000 wa, tí a sáré lọ ra gààrí míì, àpò kan ti di ₦26,000. Àpò 48 péré ni owó wa ká. Nínú ìwé, a jèrè ₦60,000. Nínú ọjà, àpò 12 ti bá a lọ.

Èyí tó dùn wá jù ni ìsọ̀ wa. Láàárín oṣù márùn-ún yẹn, àwọn oníbàárà wa wá, wọn ò bá ọjà, wọ́n bá ẹlòmíì lọ. Àwọn kan nínú wọn ò padà wá títí dòní.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìgbọ́n ló ń fa irú èyí. Ẹ wo Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa níbí. Kó tó di lọ́yà ní 1946, ó ti ṣòwò rí. Ó ra kòkó, ó sì tún ṣe òwò ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 1937 sí 1938, owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n sì gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ nípa ìṣòro náà nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1960. Bí orí Awólọ́wọ̀ ṣe pé tó, kò lè sọ fún kòkó pé kó má wálẹ̀. Ta wá ni àwa?

Ti owó tí wọ́n ní yóò máa bímọ fúnra rẹ̀ tún burú jù. Gbogbo wa la rántí MMM. Ó ṣèlérí ₦30 lórí ₦100 lóṣù kan. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: tí a bá ń dá èrè náà padà sínú rẹ̀, ₦100,000 á lé ní ₦2,300,000 lọ́dún kan. Obì wo, aṣọ wo, ẹja wo ló ń jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀? Lóṣù Kejìlá 2016, ní gbogbo ìgbà tí à ń wá owó ọdún, wọ́n ti owó pa. Lóṣù Kẹrin 2025, CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin ní 2025 pé ẹni tó bá dá irú ẹ̀ sílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í dá owó padà fún olówó.

Nítorí náà, bí òwò tuntun bá dé, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkínní: ta ni yóò ra ọjà náà, ọjọ́ wo ni yóò sì sanwó? Àwìn tí kò ní ọjọ́, òfò ni.

Èkejì: bí gbogbo owó náà bá ṣègbé, ṣé ìsọ̀ wa á ṣí lọ́jọ́ kejì? Owó iléèwé ọmọ kì í ṣe owó òwò. Owó àjọ, owó ẹlòmíràn, kì í ṣe owó òwò.

Ẹ̀kẹta: ṣé a mọ inú òwò náà? Ẹni tó ń ta obì mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀, ó mọ bí òun ṣe ń fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ. Bó bá kó owó náà sórí aṣọ lójijì, ta ni yóò fi ayédèrú hàn án?

Ẹ̀kẹrin: kí ló dé tí wọ́n ń kán wa lójú? Òwò gidi kì í bínú sí ẹni tó ní kóun lọ sùn lé e.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú o. Obì gbànja tí à ń fi yangàn ní Rẹ́mọ yìí, àlejò ni. Abàtà ni tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìhà ilẹ̀ Gáná ni gbànja ti ń wá tẹ́lẹ̀, kí àwọn bàbá wa tó bẹ̀rẹ̀ sí gbìn ín. Ṣùgbọ́n ará Òkè Ọya ti ń jẹ ẹ́ kí a tó gbìn ín. Oníbàárà ti wà nílẹ̀. Òwò tuntun tó yẹ ká gbà nìyẹn.

Bí a bá sì fẹ́ kọ̀, kò yẹ ká bá ènìyàn jà. Iléeṣẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan padà wá, wọ́n ní ká kó ìlọ́po méjì wá. A ní: "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. Agbára wa ò ká a. Bí ẹ bá lè san ìdajì sílẹ̀ ká tó kó ọjà, àwa ṣe tán." Wọn ò padà wá mọ́. Àwa wà lórí ìsọ̀ wa. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Owó àjọ wà nílẹ̀ pé pérépéré. Lóṣù Kejìlá, a ó pín in fún oníkálùkù. Ẹni tó bá fẹ́ kó tirẹ̀ fún ọkùnrin yẹn lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wa, àwa ò ní fi ta tẹ́tẹ́.

Ọjà á tà o. A ò ní ṣòwò gbèsè. Èrè la ó máa jẹ, a ò ní jẹ ojú owó. Àṣẹ.