Ibà Tí Ń Lọ Tí Ń Bọ̀: Àrùn Tí Ènìyàn Ń Kó Lára Ẹran

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé wọn ní Òkìtìpupa

 

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ìwé owó ni a tún wá yẹ̀ wò. Bí ínsípẹ́kítọ̀ bá ti yọjú, àyà akápò a máa já. Kí akápò fi ọkàn balẹ̀. Àìsàn kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n àìsàn tí ó kan ìwé owó ni, nítorí pé ó ti mú kí àwa fúnra wa kọ ohun tí kò tọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ kan rí. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn alápatà àti àwọn tí ń sin ewúrẹ́ jùmọ̀ dá sílẹ̀. A kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní dárúkọ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Alápatà ni. Ó yá owó láti fi ra màlúù, ó sì ń san án déédéé fún oṣù mẹ́rin. Ní oṣù karùn-ún, ó dákẹ́. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ yìí, wọn a bá a lórí ẹní ní ọ̀sán gangan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn a rí i ní ọjà tí ó ń rìn kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ó ti fi owó ẹgbẹ́ fẹ́ ìyàwó. Wọ́n fi ọwọ́ mú owó ìfipamọ́ àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí àwa dé láti yẹ ìwé wọn wò, a gbọ́ ti ìgbìmọ̀, a kò gbọ́ ti ọkùnrin náà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san gbèsè rẹ̀ ni.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń lọ. Ó ní, "Ọ̀gá ínsípẹ́kítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ wá wo ẹní tí bàbá àwọn ọmọ mi sùn lé mọ́jú. Bí ẹni da omi sí i ni. A ti lo oògùn ibà, a ti lo ti táífọ́ọ̀dù, a ti mu àgbo títí. Ara á fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún dé." Ó fi kún un pé ikọ́ ti bá a wọ̀ ọ́ báyìí, àti pé àwọn ará ilé ti ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí wọ́n gbà pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́. Ní ilé ìwòsàn kẹta tí wọ́n lọ ni dókítà kan ti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í, èyí nì ni irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó gbọ́ pé alápatà ni, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò mìíràn. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní brucellosis ni wọ́n rí.

Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn yìí. Ara ẹran ni ó ń gbé, lára màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, kódà ó ń gbé lára ajá. Bí ó bá mú abo ẹran tí ó lóyún, oyún náà a máa wálẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá ti dàgbà. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ kò ní jáde bí ó ti yẹ, tàbí kí ọmọ tí ó bí má lè dìde. Lára akọ, kóró ẹpọ̀n a máa wú. Ohun tí ó ń tan ni jẹ ni pé ẹran tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè bí dáadáa nígbà kejì, kí ara rẹ̀ sì máa dán, síbẹ̀ kí kòkòrò náà wà nínú wàrà rẹ̀ àti nínú omi tí ó bá ọmọ jáde.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jìyà kí wọ́n tó mọ èyí. Ní erékùṣù Málítà, ibà kan ń ṣe àwọn ọmọ ogun wọn léṣe. Ní 1887, dókítà ọmọ ogun kan tí ń jẹ́ David Bruce kéde pé òun ti rí kòkòrò náà nínú ara àwọn tí ibà náà pa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ kòkòrò náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ti ń wá títí di 1905, nígbà tí dókítà ọmọ Málítà kan, Themistocles Zammit, yẹ ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ wò. Àwọn ewúrẹ́ tí ara wọn dá ṣáṣá ni, tí wọ́n ń dà láti ojúlé dé ojúlé tí wọ́n sì ń fún wàrà wọn fún oníbàárà lójú rẹ̀. Ní 1906, wọ́n dá wàrà ewúrẹ́ dúró fún àwọn ọmọ ogun, ibà náà sì rọlẹ̀ láàrin wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Málítà kò kan Ìkálẹ̀. Òtítọ́ ni pé ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wa, ẹni tí ó sì ń ṣe pupuru lè rò pé kí ni òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ màlúù ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ewúrẹ́ tí ń bẹ ní ẹ̀yìn ilé yín. Púpọ̀ nínú màlúù tí à ń pa níbí ń ti Òkè Ọya wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí wọ́n sọ pé àwọn rí àmì àrùn yìí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ewúrẹ́, àti nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ẹran.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ó ń gbà wọ ara ènìyàn. Èkíní ni ọwọ́ tí ó ní egbò, tí a fi kan ẹ̀jẹ̀, ibi ọmọ, tàbí ilé ọmọ màlúù tí ó lóyún. Àwọn alápatà mọ ohun tí à ń wí. Èkejì ni wàrà tí a kò sè. Ẹ̀kẹta ni èémí: nígbà tí a bá tẹ̀ lé ẹran tí ń bímọ, tàbí tí a ń gbá ilé ẹran tí omi ibi ti gbẹ sí, a lè fa kòkòrò náà símú láìmọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ènìyàn kó o ran ènìyàn. Abọ́ tí àwọn ará ilé ọkùnrin yẹn yà sọ́tọ̀, ìtìjú lásán ni wọ́n fi kún àìsàn rẹ̀.

Láti ìgbà tí ó bá ti wọ ara, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí àìsàn tó hàn, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan. Ibà ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè ga ní ìrọ̀lẹ́ kí ó sì rọlẹ̀ ní òwúrọ̀, ó lè lọ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tún padà. Òógùn òru a máa pọ̀. Oríkèé ara, ẹ̀yìn àti ìbàdí a máa dunni, orí a máa fọ́ni, oúnjẹ kì í wuni, ara a sì rù. Ó rẹ ẹni náà ṣùgbọ́n kò sí egbò tí ó lè fi han ènìyàn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní ọ̀lẹ. Kóró ẹpọ̀n ọkùnrin lè wú. Oyún lè bàjẹ́ lára obìnrin. Bí ó bá pẹ́ lára, ó lè wọ egungun ẹ̀yìn, ó sì lè dé ọkàn. Àwọn tí ó ń pa kò pọ̀, èyí tí ó bá sì dé ọkàn ni ó sábà máa ń pani.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí ti ikọ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní àrùn yìí ni ó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn díẹ̀ kan, kòkòrò náà a dé ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ lásán ni lára ẹlòmíràn. Lára ẹlòmíràn, àyà a máa dùn ún, èémí a máa ṣòro, ẹ̀dọ̀fóró lè wú, omi sì lè gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ikọ́, ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru, ara rírù: ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní pè é ní ikọ́ ẹ̀gbẹ? Nítorí náà, àyẹ̀wò méjèèjì ni ó yẹ. Kí a kọ́kọ́ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí a sì sọ fún dókítà pé iṣẹ́ ẹran ni à ń ṣe. Ewu wà nínú kí a fò ó, nítorí pé méjì nínú oògùn brucellosis, rifampicin àti streptomycin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n pẹ̀lú. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà lára ẹni tí a sì fún un ní díẹ̀ nínú rẹ̀ láìmọ̀, kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lè kọ́ bí a ti ń yọ lọ́wọ́ oògùn.

Ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ àrùn yìí. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Rose Bengal, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò tó láti dá gbára lé òun nìkan, nítorí ẹni tí ó ti ní àrùn náà rí tí ó sì ti sàn lè ní àmì rẹ̀ lẹ́jẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà wọ́n a fi àyẹ̀wò mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n sì lè tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láti wò ó bóyá àmì náà ń lọ sókè. Wọ́n tún lè sin kòkòrò náà láti inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó dájú jù, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ kí ó tó hù. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yín pamọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, nítorí kòkòrò yìí ti mú ọ̀pọ̀ nínú wọn nídìí iṣẹ́.

Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn kan ṣoṣo kò tó, ọ̀sẹ̀ kan kò sì tó. Ohun tí dókítà sábà máa ń fún àgbàlagbà ni doxycycline, lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú rifampicin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan náà, tàbí abẹ́rẹ́ streptomycin lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá ti wọ egungun ẹ̀yìn tàbí ọkàn, ìtọ́jú náà a gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ní oògùn tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé oògùn bàbá ra oògùn fún ọmọ. Rifampicin a máa mú kí ìtọ̀ pọ́n bí epo. A ti gbọ́ ti ẹni tí ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ni òun ń tọ̀ tí ó sì da oògùn nù. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò bí iṣẹ́ wa. Kápúsù doxycycline 2 lójúmọ́ fún ọjọ́ 42 jẹ́ 84. Ẹni tí kò ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin a ra 20, ara rẹ̀ a fúyẹ́, a fi owó tí ó kù ra gàrí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àìsàn a padà. Ibí ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá mú ìwé dókítà wá, kí ìgbìmọ̀ yá a ní owó gbogbo oògùn náà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì sún ọjọ́ gbèsè rẹ̀ síwájú. Owó oògùn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè tí kò ní wọlé mọ́.

Ti ẹran ńkọ́? Àṣà kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ bó ti rí. Bí oyún ewúrẹ́ bá wálẹ̀, olówó rẹ̀ a sáré tà á ní ọjà, nígbà mìíràn fún ọmọ ẹgbẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi tán, nítorí owó ẹ̀yáwó ni ó fi rà á. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ òótọ́ gbọ́dọ̀ gbé lára àdánù náà, kí ẹni náà lè pe dókítà ẹran dípò oníbàárà. Òbúkọ tí ẹgbẹ́ rà tí ó ń lọ láti agbo kan sí òmíràn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹran. Kí ẹran tuntun dá wà lọ́tọ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi jáde. Ọmọ tí ó wálẹ̀ àti ibi rẹ̀, kí ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá kó wọn, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí ajá má baà hú u. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún ènìyàn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wa, ìyá kan béèrè bóyá kí wọ́n má ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní mọ́. A ní kí wọ́n máa rà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n sè é kí ó hó; kíkan tí wàrà kan kò tó láti pa kòkòrò náà. Ẹran tí ó jinná dáadáa kò ní ewu. Bàbá kan sì béèrè ohun tí ó gbẹ̀yìn alápatà yẹn. Ó lo oògùn rẹ̀ pé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti san gbèsè rẹ̀ tán. A kì í pa ohun tí a ti kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ rẹ́, nítorí náà a kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àìsàn ni, a sì fi ọwọ́ sí i. Wọ́n ti dá owó onídùúró kan padà fún un. Èkejì ti fi ìbínú kúrò nínú ẹgbẹ́ kí òótọ́ tó hàn. Owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ akápò, a sì ti ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì.