Malik Badri àti Ìtọ́jú Ọkàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ìdààmú bá bo ọkàn ẹnìkan, àwọn kan á ní àlùjànnú ni, àwọn mìíràn á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò gbó. Ọ̀nà mìíràn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Malik Badri tọ̀. Sudan ni a bí i sí ní 1932. Ó kàwé ní Beirut, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Leicester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1961. Síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ ti 1979, ó bá àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n ń tẹ̀lé àwọn aláwọ̀ funfun wọ ihò alángbá tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ rẹ̀. Kò kọ ìmọ̀ wọn o. Aláìsàn tó gba Ọlọ́hun gbọ́ ni kò fẹ́ kí wọ́n máa tọ́jú bí ẹni tí kò ní Olúwa. Ní 2013, ó túmọ̀ ìwé Abu Zayd al-Balkhi, ẹni tó kú ní 934, tó sì ti kọ ọ́ pé bí ara ṣe ń ṣàìsàn náà ni ọkàn ń ṣe.